Mọ́tò Mẹ́ta Lórí Igi

Kíyè sára, ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí: ohun tó bá dákẹ́, má tètè pè é ní òkú.

Mẹkáníìkì náà dúró lẹ́nu ilé ìgbọ́kọ̀sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e wọlé. Opó tó ni ilé ti ká tapólì kúrò lórí mọ́tò mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ tì mọ́bẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Pupa kan, dúdú kan, funfun kan. Iná iwájú wọn rí rogodo, wọ́n ń wo èèyàn. Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, inú kàlẹ́ńdà nìkan ló ti ń rí irú wọn.

"Ṣé ò ń kí wọn ni?" Bàbá Onílẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun ló ni ilẹ̀ tí mẹkáníìkì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló sì fẹ́ ra mọ́tò wọ̀nyí bí àjákù irin. Ó ti kìlọ̀ fún mẹkáníìkì lójú ọ̀nà: "Ṣáà ti ní wọ́n ti kú. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó irinṣẹ́ rẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi."

Ó nàka sí àwọn igi tí wọ́n fi gbé mọ́tò náà sókè. "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Mọ́tò tó bá ti gun igi, ó parí. Ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà sorí kọ́. "Yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi mí ṣe nìyẹn, pé òkú ni ọkọ mi tì mọ́lé. Mẹkáníìkì, ẹ bá mi wò ó kí n fọwọ́ síwèé tí mo fi máa tà wọ́n."

Mẹkáníìkì kúnlẹ̀. Ọgbọọgba ni wọ́n gé igi náà, aṣọ rírọ̀ ni wọ́n sì fi wé orí rẹ̀ kí ó má baà ha irin. Wọ́n fi àkísà dí ihò sàléńsà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì èyí pupa, ó tú púlọ́ọ̀gì kan, ó ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò rẹ̀. Ọ́ìlì ló bá a jáde: ẹnìkan ti rọ ọ́ síbẹ̀ kí irin inú rẹ̀ má baà dípata. Ó fi sípánà mú nọ́ọ̀tì iwájú ẹ́ńjìnnì, ó rọra tì í.

Ẹ́ńjìnnì náà yí.

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó wo bàtà Bàbá Onílẹ̀, kò lè wo ojú rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ọkọ yín... kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ ro wọ́n ló ṣe gbé wọn gun igi. Wọn ò kú. Ó tẹ́ wọn sùn ni."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ àpamọ́wọ́.

"Kí lo wí?" Bàbá Onílẹ̀ jágbe. "Tún un wí!"

Mẹkáníìkì dá púlọ́ọ̀gì padà sáàyè rẹ̀, ó ń dè é díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo ti sọ tèmi."

Bàbá Onílẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Mẹkáníìkì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀.