Ẹni Tí Ń Bá Bàbá Jẹ́jẹ́ Wo Omi

Bàbá Jẹ́jẹ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣíwájú òun lójú ọ̀nà etí òkun yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ bá a rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ máa tọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ló mọ̀ jù nínú gbogbo ara rẹ̀: èjìká gbọọrọ, ọrùn tí oòrùn ti sun dúdú, àti ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ ewé kan tí ìyá rẹ̀ ti jù nù lẹ́ẹ̀mejì, tí bàbá tún lọ hú u jáde nínú pàǹtí.

Gbogbo èbúté ló ń pè é ní Bàbá Jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lọ pàdé ọkọ̀ òkun ńláńlá lójú agbami, kí ó gòkè sínú rẹ̀, kí ó dúró ti ọ̀gá ọkọ̀ tí kò mọ omi ibẹ̀, kí ó sì máa tọ́ ọ sọ́nà láàárín àpáta títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀. "Jẹ́jẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún wọn jù. Ọ̀gá ọkọ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá á ti mọ ìtumọ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n tó so okùn mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ kankan kò fara gbá àpáta lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó wá ku ọkọ̀ kan ṣoṣo kí ó fẹ̀yìn tì. Ọ̀la lọkọ̀ ọ̀hún ń bọ̀, ọkọ̀ akérò tó ga ju ilé ìfowópamọ́ àárín ìlú lọ, àwọn ará èbúté sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti fun fèrè gbogbo ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ kí wọ́n fi kí i kú iṣẹ́.

Ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lórí òkè etí òkun náà kí ọ̀la tó dé. Òun àti ọmọ rẹ̀ jọ ní ìsinmi lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe sábà máa ń jọ ní in.

Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí títì parí sí, lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ ó gba ẹnu géètì tó ti dípẹtà, ẹ ó gun àtẹ̀gùn òkúta, kí ẹ sì tó mọ̀, igbó ti gba yín lọ́wọ́ ìlú. Igbó ọ̀hún kò ga. Atẹ́gùn òkun ti tẹ gbogbo igi ibẹ̀ síhà kan bí àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn. Lápá òsì, èbúté wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gbé àpótí irin sórí ara wọn. Lápá ọ̀tún, òkun lásán ni, ó ń fọ́ mọ́ àpáta láìsinmi. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Wọ́n á wá ya fọ́tò, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sọ pé ayé dára. Àwọn tó ń jẹun lẹ́nu omi yẹn kì í sọ bẹ́ẹ̀.

"Bàámi, ẹ rọra o, iyanrìn ti bo òkúta níwájú yín."

"Ta lò ń kọ́? Ṣebí èmi ni mo kọ́ ẹ nírìn."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa sọ ohun tó bá rí fún bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti jókòó sínú ilé ìṣọ́ gíga onídígí tó wà lókè èbúté, kí ó máa fi rédíò bá àwọn tó ń mú ọkọ̀ wọlé sọ̀rọ̀. Ìlànà iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tó wà lórí ọkọ̀ ló ń sọ ohun tó rí, ilé ìṣọ́ á sì tún un sọ padà kí gbogbo ọ̀rọ̀ lè dájú. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan ni Bàbá Jẹ́jẹ́ ti yí i padà. Òun ló ń bèèrè.

"Ilé Ìṣọ́, kí lo rí lẹ́nu èbúté?"

"Ọkọ̀ apẹja méjì, Bàbá. Apá òsì."

"Wọ́n jìnnà sí àmì pupa orí omi?"

"Wọ́n jìnnà díẹ̀."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bàbá ń dán ọmọ ẹ̀ wò, pé ó ti fẹ́ fi ogún lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tó yá, kò dúró de ìbéèrè mọ́. Bí ó bá ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lórí rédíò, ó ti ń ka gbogbo ohun tó wà lójú omi sílẹ̀ fún un. Ọ̀gá èbúté fúnra rẹ̀ ló ṣètò pé kí àwọn méjèèjì máa ṣiṣẹ́ ní àsìkò kan náà, ọmọbìnrin náà sì dúpẹ́ títí ó fi sú ọ̀gá.

Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yọrí sí bèbè òkun. Òjò tó rọ̀ lóṣù tó kọjá ti jẹ́ kí ilẹ̀ ya níbẹ̀, apá kan ọ̀nà ti bọ́ sínú omi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ti ta okùn funfun dí i, wọ́n sì to pákó gba inú igbó lápá òsì kí àwọn èèyàn máa gba ibẹ̀ yí i ká. Bàbá kò tíì gba ọ̀nà yìí láti ìgbà òjò. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa fèrè tí wọ́n máa fun lọ́la, pé ariwo lásán ni, ó kọjú sí okùn náà gan-an, ó sì ń lọ bá a tààrà.

Okùn kàn án láyà. Ó fi ọwọ́ kan gbé e kọjá orí bí ẹni ń ti ẹ̀ka igi sẹ́yìn, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé eré ni. Àfi ìgbà tó rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ níbi tí kò sí ilẹ̀. Ó fò mọ́ ọn, ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú látẹ̀yìn, ó sì fà á. Àwọn méjèèjì ṣubú sẹ́yìn sórí iyanrìn. Ilẹ̀ tó ya lábẹ́ ẹsẹ̀ bàbá pẹ́ kí ó tó dún nínú omi.

Omijé ti bo ọmọ náà lójú, àmọ́ wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó wọ́ bàbá rẹ̀ kúrò létí ibẹ̀ ná, ó mú un gba abẹ́ okùn padà, ó fi í jókòó sórí àpáta kan.

"Bàámi, ẹ ò rí okùn yẹn."

"Mo rí i."

"Àwọ̀ wo ni?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ ń gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dà nù.

"Ohun tí mo bá tẹjú mọ́ ni mi ò kí ń rí. Á kàn pòórá. Èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo máa ń rí i díẹ̀díẹ̀."

"Dókítà èbúté ńkọ́? Ṣebí ó máa ń yẹ ojú yín wò."

"Lẹ́tà tó lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀, kò pààrọ̀ ẹ̀ rí. Mo ti há a sórí."

"Màámi mọ̀?"

"Ta ló ń ka ìròyìn sí mi létí láràárọ̀? O rò pé ìfẹ́ ló ń ṣe wá."

Ìgbà yẹn ni ìdí tí bàbá fi ń bèèrè lórí rédíò tó yé e. Gbogbo ọkọ̀ tó ti wọlé láti ọdún kan, òun ló mú un wọlé, láti inú yàrá onídígí, láìmọ̀. Bí ó bá ti ṣi nǹkan kan wò lọ́jọ́ kan, bí ó bá ti lọ bu omi mu lásán ńkọ́? Inú bí i, ó sì dùn ún.

"Èmi rò pé ẹ kàn fẹ́ máa gbọ́ ohùn mi ni."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ náà. Méjèèjì ni."

"Ẹ pe ọ̀gá. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò lọ lọ́la."

"Ọkọ̀ kan péré ló kù, ìyá mi. Ìwọ ṣáà wà níbẹ̀. Kì í ṣe ojú nìkan lèèyàn fi ń mọ omi."

"Èèyàn ló kún inú ọkọ̀ yẹn. Wọ́n kó ọmọ wọn dání. Bí ẹ̀yin ò bá pè wọ́n, màá pè wọ́n fúnra mi."

Bàbá na fóònù rẹ̀ sí i. "Bá mi tẹ̀ ẹ́. Mi ò rí nọ́ńbà ẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta bí bàbá ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Ọ̀gá èbúté gbé e kíá, ó ń pàrọwà pé kí bàbá má ṣe jẹ́ kí ara rẹ̀ gbóná nítorí ọ̀la. Bàbá Jẹ́jẹ́ jẹ́ kó sọ tán. Ó wá fi ohùn iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ pé, "Ọ̀gá, ojú mi ti lọ. Mi ò lè mú ọkọ̀ ọ̀la wọlé."

Ọ̀gá ò pariwo. Ó mí sókè.

"Bàbá, ṣé ọjọ́ tó ku ọ̀la lẹ wá fẹ́ sọ ọ́? Gbogbo ètò ti parí. Àwọn oníròyìn ń bọ̀. Ẹ bá wa mú ti ọ̀la wọlé ná. Ọmọ yín á ṣáà wà lórí rédíò. Àbí kí lẹ rò pé mo torí ẹ̀ pín yín sí àsìkò kan náà?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Ó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe já wálẹ̀. Ọdún kan ló fi ń tan ayé jẹ, tí ẹni tó ń tàn ń wò ó níran. Ìtìjú ọ̀hún ju ti ojú tí kò ríran lọ. Ó yẹ kí inú bí i, kò sì bí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn. Ó la ẹnu.

"Ó dáa náà, ọ̀gá. Tó bá jẹ́ pé—"

Ọmọ rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò ní í wá síbi iṣẹ́ lọ́la."

"O mọ ohun tí ò ń sọ? Iṣẹ́ ẹ nìyẹn o."

"Mo mọ̀, sà. Ẹni tí ẹ bá sì fi rọ́pò mi, màá sọ fún un kó tó jókòó."

Ọ̀gá ní òun á pe ẹnì kejì bàbá lẹ́nu iṣẹ́ kó wá mú ọkọ̀ náà wọlé, pé kí ọmọ náà má wulẹ̀ yọjú sí òun mọ́, ó sì pa fóònù.

Òkun ń fọ́ mọ́ àpáta nísàlẹ̀. Ọmọ náà ti fóònù bọ àpò ẹ̀wù bàbá rẹ̀. Ó ń retí kí bàbá rẹ̀ bú òun, torí ìbínú bàbá, òun mọ bí a ṣe ń gbé e.

"O ò jẹ́ kí n parí ẹ̀," ni bàbá wí, láìgbé ohùn sókè.

"Ẹ ti parí ẹ̀, Bàámi."

Ó mi orí. Ó gbọ́wọ́ lé orúnkún méjèèjì, ó kọjú sí omi tí kò rí.

"Ṣé èèyàn wà lójú ọ̀nà?"

Ọmọ rẹ̀ yíjú. Tọkọtaya kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí pákó, wọn kò jìnnà sí wọn rárá, wọ́n sì fa ajá kan dání. Ó gbé ọwọ́ sókè sí wọn pé kí wọ́n dúró.

"Kò sí ẹnì kankan," ló wí.

Nígbà náà ni Bàbá Jẹ́jẹ́ bú sẹ́kún. Ó sunkún pẹ̀lú ohùn gbogbo, ó ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ láìbò ó, bí ẹni tó dá wà nínú yàrá. Obìnrin orí pákó náà dojú kọ ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rọra bẹ̀rẹ̀, ó sì di ajá náà lẹ́nu mú.