Ògiri Irin Tí Torkel Tú Kúrò

Ọjọ́ tí wọ́n yan Ylva ní aṣojú ààbò fún àwọn awakọ̀, kò sí níbi ìpàdé. Ó gbé ẹrù lọ sí ìlú Lycksele. Àwọn tó jókòó ń wo àjà, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ iṣẹ́ tí kò mówó wá, ni Jerker, awakọ̀ kan láàárín wọn, bá ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí kò wá. Bí wọ́n ti máa ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Torkel, tó ni iléeṣẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù márààrùn-ún, buwọ́ lu ìwé náà láìkà á. Kí ni ẹni tó gbọ́n tán fẹ́ fi ìwé kíkà ṣe?

Ylva ka tirẹ̀. Ó rí i níbẹ̀ pé bí aṣojú ààbò bá rí iṣẹ́ tó lè pa èèyàn, ó láṣẹ láti dá a dúró, ọ̀gá ò sì lè yí i padà àfi tí olùyẹ̀wò ìjọba bá dé. Ó ká a, ó fi sápò.

Nínú oṣù kejì, tí yìnyín bo ọ̀nà, Torkel ra ìjókòó tuntun sínú gbogbo ọkọ̀. Ìjókòó tó ń mú ìdí gbóná, tó tún ń tẹ ẹ̀yìn. Ó ra kéèkì, ó pe ayàwòrán ìwé ìròyìn, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀ tí Ylva fẹ́ gbé jáde, ó ń yídìí síbí, ó ń yídìí sọ́hùn-ún bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin.

"Ìtura awakọ̀ ló jẹ mí lógún," ó ní.

Irọ́ gbuu! Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló ní kí wọ́n tú ògiri irin tó máa ń wà láàárín awakọ̀ àti ẹrù kúrò, kí ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì lè rí àyè sí i. Mẹ́wàá ló wá tò sẹ́yìn ọrùn awakọ̀ kọ̀ọ̀kan, okùn lásán ló dá wọn dúró. Ìdí ń gbóná, ọrùn ń retí ikú: ìtura rèé o!

Ylva mọ ohun tí ògiri yẹn wà fún. Lọ́dún tó kọjá, àgbọ̀nrín kan já lu ọ̀nà níwájú rẹ̀, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, gbogbo ẹrù sì ya lu ògiri náà títí tó fi tẹ̀. Ká ní kò sí ògiri ni, ibojì rẹ̀ ni wọn ì bá máa gbé òdòdó lọ. Ẹ̀rù bà á láti sọ̀rọ̀, torí ọdún mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ikú yẹn ló bà á lẹ́rù jù.

"Torkel, ọkọ̀ yìí ò ní jáde lónìí. Àwọn yòókù náà ò ní jáde."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Ìwọ lo buwọ́ lù ú." Ó na ìwé náà sí i.

Jerker, tó ń mú ọkọ̀ tirẹ̀ gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Ọ̀gá ààbò ti dé! Ylva, a kàn ní kó o máa bá wa ra báńdéèjì ni o."

"Máa rín lọ. Ṣebí ẹ̀yìn ọrùn tìẹ náà ni wọ́n tò ó sí."

Ojú ti Torkel níwájú ayàwòrán. "Okùn yẹn lágbára ju ìwọ lọ," ó ní. "Èmi fúnra mi lè wà á dé Lycksele."

"Má wulẹ̀ dé Lycksele. Wà á dé ẹnu géètì. Sáré díẹ̀, kó o tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ bíi pé àgbọ̀nrín já lu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Torkel ṣáná sí ọkọ̀, ó sáré. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé géètì, ó bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀rọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ni ọkọ̀ bá ń rọra falẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, títí tó fi dúró jẹ́ẹ́.

"Mo ní kó o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!" Ylva pariwo.

Ó padà, ó tún un ṣe. Ó tún rọra dúró. Nígbà tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú òtútù yẹn.

"Ilẹ̀ ń yọ̀," ó ní.

Jerker kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀, ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ilẹ̀ Lycksele náà ń yọ̀, Torkel. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí." Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Àwọn awakọ̀ mẹ́ta yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n ń kó tiwọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ márààrùn-ún kún ọwọ́ ọ̀gá ìtura, kò rí ọwọ́ tó máa fi gbé fóònù. Ylva ló bá a pe wẹ́dà.