Ọkọ̀ Mi Lọ́wọ́ Alásè

Èmi ni mo wa ọkọ̀ akérò ojú omi yẹn títí ó fi darúgbó. Láràárọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa ń wúkọ́ kó tó dá mi lóhùn. Nígbà tí wọ́n fà á gúnlẹ̀, alásè kan sọ ọ́ di ilé oúnjẹ.

Lánàá, èmi àti ìyàwó mi lọ jẹun níbẹ̀. Ọ̀dà tuntun ń tàn yòò lára ẹ̀, òdòdó sì wà níbi tí mo máa ń dúró wà á. Mo jowú bí ẹni tó rí i pé ìyàwó tó já òun sílẹ̀ ti sanra nílé ọkọ tuntun.

Mo ní, “Kí ni alásè mọ̀ nípa ọkọ̀?”

Ìyàwó mi ní, “Wíwà lẹ̀yin ń wà á, Bàbá wọn. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀.”

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ nínú ìyàwó mi.