Oyin Inú Ìtì àti Oyin Orí Ẹ̀ka

Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ń ṣe ẹnu ọkùnrin tó bá ti mu kọfí yó. Tí wọ́n bá ti bu ife kejì fún Músábì ní gbọ̀ngàn àwọn ọkùnrin, ọ̀rọ̀ oyin méjì ló kù tí yóò máa sọ. Oyin wẹ́wẹ́, tí ń so afárá kan ṣoṣo mọ́ ẹ̀ka igi, ọlọ́lá ni: tínú bá bí i pẹ́nrẹ́n, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n oyin ńlá inú ìtì igi dàbínù tí wọ́n gbẹ́ nínú, bó ti wù kó máa ta èèyàn tó, kò níbi tí yóò lọ.

"Bí àwọn ìyàwó mi gẹ́lẹ́ ni," ni yóò wí, yóò sì fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ráyà ni oyin wẹ́wẹ́, òun ni mo ń kẹ́. Siyánà ni tinú ìtì. Ta ló ń bẹ ìtì?"

Àwọn ọkùnrin a rẹ́rìn-ín. Ilé ìdáná Siyánà sì rèé, òun ló fara ti ògiri gbọ̀ngàn náà.

Nígbà tí ooru dé, Músábì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo oyin wẹ́wẹ́ rẹ̀, ó ń wọ́n omi tí Siyánà pọn yí i ká.

"Bàbá Nàsíbù, omi ti fà lójú kòtò tí oyin ti ń mumi," ni Siyánà wí fún ọkọ rẹ̀. "Òùngbẹ ń gbẹ àwọn tinú ìtì náà o."

"Ṣé wọ́n á gbé ìtì lérí sá lọ ni? Fi wọ́n sílẹ̀ jàre."

Oyin inú àwọn ìtì yìí ló sì ń bọ́ ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Músábì fọwọ́ gbá àwọn ìtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó kùn: oyin ti lọ.

Ó gun òkè lọ wá àwọn oyin náà, ó bá wọn nínú ihò àpáta. Ṣùgbọ́n òkúta méjì ti gorí ara wọn lẹ́nu ihò náà, Siyánà sì jókòó tì í pẹ̀lú ìkòkò omi.

"Oyin mi nìyí," ni Músábì wí.

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ń dá ẹjọ́ oyin fáráyé pé: oyin tó bá filé sílẹ̀, ti ẹni tó kọ́kọ́ to òkúta ni."

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.  Músábì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé Siyánà kó ẹrù rẹ̀ dání.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa òkúta méjì, ó rọra tò wọ́n síwájú ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀.

Siyánà fẹsẹ̀ tú wọn ká. "Oyin kọ́ ni mí, Bàbá Nàsíbù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n padà wálé, ẹ lọ pọnmi."

Músábì gbé ìkòkò náà. Ó ti dé ìsàlẹ̀ òkè kó tó rántí pé òun ò mọ ibi tí wọ́n ti ń pọn omi.