Ẹ̀jẹ̀ Inú Omi Àlùwàlá

Ìgbà kẹta rèé tí Qowiyy fa omi símú, ìgbà kẹta rèé tí ẹ̀jẹ̀ àti èépá dúdú bá omi náà jáde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sáré da omi lé e lórí. Kò mọ̀ bóyá àlùwàlá òun ṣì dúró. Bó bá sì bi Lèmọ́mù, wọn á ní kó sinmi ìpèrun. Káfíńtà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ládàánì ni gbogbo àdúgbò Adébáyọ̀ ń pè é, orúkọ yẹn sì dùn mọ́ ọn ju owó pákó lọ.

Oṣù mẹ́ta rèé. Ó ti lo oògùn ọ̀fìnkìn nítorí imú, ó ti kán àdín sétí nítorí etí tó dí. Eruku pákó ló kà á sí.

Ó pe ìrun Àlásárì. Nígbà tó parí, kò rántí pé òun gbọ́ ohùn ara òun rárá. Àbí iná ti lọ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fi kú ni? Ló bá tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yíjú padà, àwọn tó wà lórí ẹní ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn.

Àìṣà ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe kírun tán, ó sọ̀rọ̀ sí etí ọ̀tún rẹ̀ tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀.

“Bàbá Sufyan, ẹ dìde ká lọ ulé ìwòsàn. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.”

Dókítà Mosúnmọ́lá yẹ imú wò, ó yẹ etí wò, ó wá na ike kékeré kan sí i pé kó lọ tọ̀ sínú rẹ̀. Qowiyy wo ike, ó wo ìyàwó rẹ̀.

“Dókítà, imú àti etí ni mo gbé wá. Kí ló kan ìtọ̀?”

“Ẹ ṣáà bá mi tọ̀ ọ́ wá, sà.”

Wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ náà. Dókítà sún mọ́ ọn, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. “Ó jọ pé àrùn kan náà ló wà nímú, létí àti nínú kíndìnrín yín. Àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àìsàn jà, ló ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́. Oògùn wà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pẹ́. A fẹ́ dá yín dúró lónìí.”

“Lónìí? Ta ló máa pèrun?”

Orí rẹ̀ dàrú. Bó bá jẹ́ eruku, á fi aṣọ bo imú. Bó bá jẹ́ ọ̀tá, á gbàdúrà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ wo ló wá ń jẹ ara rẹ̀?

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, oòrùn ń wọ̀. Ó ń ṣàlàyé fún Àìṣà pé kí àwọn tètè máa lọ, kí òun lè bá Màgàríbì, pé àwọn á padà wá lọ́la. Àìṣà gbé ìka sókè pé kó dákẹ́. Ètè obìnrin náà ń mì, ó dúró, ó tún ń mì. Qowiyy kọ́kọ́ rò pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó wò ó títí ó fi yé e: ìpèrun Màgàríbì tí etí òun kò gbọ́ ló ń dá lóhùn.

Ẹlòmíràn ti ń pè é. Ó dùn ún dé egungun, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́ títí ètè ìyàwó rẹ̀ fi dákẹ́, ó wá dìde lọ bá nọ́ọ̀sì, ó ní bẹ́ẹ̀dì òun dà.