Ọkọ Ni àbí Ọkọ̀?

Ìwọ tí o fẹ́ ka ìtàn yìí, ṣọ́ra. Bí àpò kan bá wà lábẹ́ ibùsùn rẹ tí o ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, má tíì jókòó. Lọ tú u wò ná. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tú tirẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àyà rẹ̀ máa já láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Wáyà ni wọ́n ń pè é. Rédíò ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Ọwọ́ rẹ̀ yá, àmọ́ ẹnu rẹ̀ wúwo. Ohun yòówù kí o bi í, "Àá wò ó" ni yóò fi dá ọ lóhùn, yóò sì tún dorí kodò sórí iṣẹ́. Nígbà tí gbogbo ilé ṣì ń lo rédíò, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n fóònù ti dé, eruku nìkan ló kù tó ń bá Wáyà jókòó ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́, ó sì tún un sọ, pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó ní ilé búrẹ́dì ní ìlú kejì ń wá ẹni tí yóò máa tajà, àti ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ṣe.

"Àá wò ó," ni Wáyà wí.

Kò sọ pé òun ń lọ, kò sọ pé òun ò lọ. Nígbà tó yá, obìnrin náà ò dárúkọ ilé búrẹ́dì mọ́. Bí ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́ nínú ilé, ó yẹ kí ará ilé dìde wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wáyà ò dìde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń gbá yàrá tí ìgbálẹ̀ fi kan nǹkan lábẹ́ ibùsùn. Àpò ni, ó kún dẹ́múdẹ́mú, wọ́n sì ti fa síìpù rẹ̀ pa. Ó rọra gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti yé e. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ, òun nìkan. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló wá sukudiráfà rẹ̀ olórí pupa tì. Ẹnu ọ̀bẹ ló ń fi tú ìdè ara rédíò láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Àìkú wá pé, àwọn àlejò sì dé sí ṣọ́ọ̀bù: Awakọ̀, ọ̀rẹ́ Wáyà láti kékeré, tó ń wa bọ́ọ̀sì ńlá, àti Tíṣà, obìnrin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Eré orí rédíò kan ló so àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Àwọn Èrò Ìràwọ̀ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Tíṣà ṣì ń kọ́ni, tí àwọn yòókù sì wà léwe, tí orin rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ìdí rédíò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn máa ń rọ́ lọ. Ibẹ̀ ni Wáyà ti rí ìyàwó rẹ̀: òun nìkan ni ọmọbìnrin tí kì í di etí nígbà tí ẹranko inú òṣùpá bá ń ké. Ọmọbìnrin náà ló fi kásẹ́ẹ̀tì gba eré náà sílẹ̀. Téèpù rẹ̀ ti já níbi ìparí tipẹ́. Wáyà ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì fẹ́ tún un gbọ́.

Àríyànjiyàn kan wà lórí ìparí yìí tí kò tíì tán láti ọjọ́ wọ̀nyẹn wá. Iná sọ nínú ọkọ̀ àwọn èrò náà lójú òfurufú. Ọ̀gá ọkọ̀ wọ inú èéfín lọ. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó ń jó, ó dé akoto, ó ránṣẹ́ sílé. Akoto yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Àwọn tó ṣe eré náà fẹ́ kí ohùn inú rẹ̀ dà bí ohùn irin, wọ́n bá sọ ọ́ di pẹrẹsẹ: kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. "Mo ti fi ọkọ sile," bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́, láìsí àmì kankan lórí. Eré sì parí.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ló fi sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ máa bọ̀ wálé. Bó bá sì jẹ́ ọkọ ló fi sílẹ̀, ọkùnrin náà ti bá iná lọ nìyẹn.

"Ọkọ̀ ni," Awakọ̀ ní, ẹ̀pà kún ẹnu rẹ̀. "Ta ni iná máa jó mọ́ tí kò ní í sọ̀ kalẹ̀? Èmi gan-an, bí ẹ́ńjìnnì mi bá kàn wúkọ́, màá ti fò jáde kí èrò tó mọ̀."

"Ọlọ́run má jẹ́ ká wọ ọkọ̀ rẹ," Tíṣà dá a lóhùn. "Dò ni àbí re ló wà níparí rẹ̀? Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Èmi re-re ni mò ń gbọ́. Ọkọ ni."

"Tíṣà mi, ẹ dákun. Àbí ẹ ò ṣe kúkú sọ pé ọkọ́ ni? Kí ló fẹ́ fi roko lójú sánmà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wáyà náà fi eyín hàn díẹ̀, àmọ́ ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Lẹ́yìn Awakọ̀ ni obìnrin náà máa ń wà nínú ẹjọ́ yìí. Ọkọ̀ ló máa ń wí, bó bá sì ti wí i, ara Wáyà á balẹ̀.

Wọ́n tẹ téèpù. Iná ń jó pàràpàrà, ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́yìn náà ni ohùn irin dé, pẹrẹsẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ku ariwo ṣíìì tó máa ń wà lẹ́yìn téèpù.

"Ìyàwó wa," Awakọ̀ ní, "sọ fún Tíṣà. Ọkọ̀ ni, àbí?"

Obìnrin náà ń fa òwú kan tó yọ létí aṣọ rẹ̀. "Ọkọ ni," ó ní.

"Háà! Ìwọ kẹ̀?"

"Mo ti rò ó dáadáa. Bí ọkọ rẹ̀ bá wà nínú ọkọ̀ kékeré yẹn, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Kó tiẹ̀ wúkọ́ lásán, ká mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mò ń bá a sọ pé ó wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ó ti sú mi."

Kò wo Wáyà. Wáyà dìde.

"Ẹ jẹ́ n wá bátìrì."

"Bátìrì kẹ̀? Ṣebí iná ló ń lò," Awakọ̀ ní, àmọ́ Wáyà ti kọjá kọ́tìnì.

Ó kúnlẹ̀ nínú yàrá, ó fa àpò náà jáde. Ó fa síìpù rẹ̀ ṣí. Aṣọ ìyàwó rẹ̀ ló wà lókè. Ó fẹ́ fà á pa padà, ohun tó rí ti tó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wọ ìsàlẹ̀, ó kan ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, méjì, tí wọ́n ti lọ̀. Lábẹ́ ìyẹn, síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni wọ́n ká mọ́ nǹkan kan tó le. Ó tú u. Sukudiráfà olórí pupa ni.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi ọkọ sílẹ̀, kí ló fẹ́ fi sukudiráfà ṣe? Ṣọ́ọ̀bù ló ń fi sílẹ̀, ẹrù àwọn méjèèjì ló sì dì lọ sí ilé búrẹ́dì. Ẹ̀rù kò tíì lọ lára Wáyà o, ibòmíràn ló ṣí lọ jókòó: ìdí tábìlì inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ti kọ́ iṣẹ́, kò tíì jẹun níbòmíràn rí. Síbẹ̀ ó dìde.

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́," ó ní nígbà tó padà dé. Ó yí téèpù sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́. Iná jó. Ohùn irin sọ tirẹ̀. Bí ariwo ṣíìì ti bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan wúkọ́.

Awakọ̀ fò sókè. "Ẹ gbọ́ yẹn! Ọ̀gá ọkọ̀ ni! Ó wà nínú téèpù!"

"Jókòó jàre," Tíṣà ní. "Wáyà ló wúkọ́."

"Èmi ni," Wáyà ní. Ó gbé sukudiráfà sórí tábìlì níwájú ìyàwó rẹ̀. "Ọkọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnu... ẹnu rẹ̀ ló wúwo."

Obìnrin náà wo sukudiráfà náà títí. "Ẹ ti tú u."

"Mo ti tú u."

"Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ fi í pamọ́ ni, ṣé ibi tí ẹ̀yin ń gbá ni mo máa gbé e sí?"

Wáyà gbójú sókè wo àwọn rédíò tó tò sórí pẹpẹ. "Ọjọ́ wo la ń lọ?"

"Lọ síbo?" Awakọ̀ bèèrè. "Ta ló ń lọ? Kí ló kan sukudiráfà nínú ọ̀rọ̀ ìràwọ̀?"

"Ìyàwó, kí ló dé?" Tíṣà náà bèèrè.

Obìnrin náà yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó fi í sínú páálí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tíṣà mi, ẹ jẹ ẹ̀pà yín. Wọ́n wúkọ́, mo sì gbọ́. Mi ò ní í sọ ju ìyẹn lọ."