Fíìmù Tí Kò Dá Ẹjọ́

Yẹ́misí ti pinnu pé fíìmù òun kò ní dá ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní yunifásítì nìyí, ogún ìṣẹ́jú péré sì ni iṣẹ́ náà: dókítà gba ẹyin lára obìnrin kan, ó pò ó mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú ìgò, ó wá gbé e sínú ilé ọmọ tó wà lára àbúrò obìnrin náà, kí àbúrò bá wọn fi oṣù mẹ́sàn-án gbé e. Nígbà tí ọmọ ké, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ló parí sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ó fi han àwọn ará ilé ní pálọ̀ Àlájà Ṣàmsíátù, onílé rẹ̀ ní àdúgbò Adankolo. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú, kò sẹ́ni tó dìde. Yẹ́misí rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wọ́n lára.

"Ṣé iná lọ ni?" Àlájà béèrè.

"Rárá mà, ó ti parí."

"Kí ló parí? Ọmọ ṣì ń ké."

Ayọ̀dèjì, ayálégbé tó ń wa kẹ̀kẹ́, ní ẹ̀gbọ́n ló lọmọ. "Bí adìyẹ mi bá sàba lé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ yín, ṣé mo lè ní tèmi ni pẹ́pẹ́yẹ?"

Nàbílà, tó ṣe àbúrò nínú fíìmù, yíjú sí i. "Èmi wá di adìyẹ?"

"Mo ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni."

"Ẹ fi nǹkan mìíràn ṣe é."

Yẹ́misí bẹ̀ wọ́n pé kí oníkálukú lọ rò ó fúnra rẹ̀. Àlájà ní òun kò lè gbé ọmọ ọlọ́mọ tó ń ké wọ yàrá lọ sùn. "Àbúrò yìí, ta ló bi í bóyá ó fẹ́ gbé e?"

"Wọ́n bi í mà."

"Níbo? Mo ń wò ó. Ọkọ sọ̀rọ̀, ìyàwó sọ̀rọ̀, dókítà sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Àbúrò ń gbé oúnjẹ wá."

Yẹ́misí ṣí ìwé tó kọ eré náà sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbúrò lanu. Ó ní "Ẹ káàárọ̀" lẹ́ẹ̀mejì, ìkẹta ni "Mo ti ń rọbí." Ojú tì í. Oṣù mẹ́fà ló fi kọ ọ́, òun tó jẹ́ obìnrin, tó tún jẹ́ àbúrò fún ẹni mẹ́rin.

Ó gbé kámẹ́rà jáde, ó ní kí Nàbílà jókòó, kó sọ ohun tó wà lọ́kàn àbúrò náà. Nàbílà jókòó síwájú kámẹ́rà. Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n òun, òun ì bá sì gbà. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi òun, kí wọ́n sì sọ ohun tí òun máa fi ọmú tó kún fún wàrà ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọmọ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ogójì ìṣẹ́jú ló lò. Ayọ̀dèjì kò mẹ́nu ba adìyẹ mọ́. Ó lọ bu omi wá fún un.

Títí di òní, Yẹ́misí kò mọ ẹni tó lọmọ. Ó so ọ̀rọ̀ Nàbílà mọ́ fíìmù, fíìmù di wákàtí kan gbáko, olùkọ́ rẹ̀ ní kó gé e kúrú, Àlájà sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ gé e wá bá òun ní pálọ̀.